Ọ̀nà Etíkun: Ìrìn Àjò Olówó Kékeré fún Ọ̀rẹ́ Méjì láti Èkó dé Abidjan

Ọ̀nà tó so Èkó pọ̀ mọ́ Abidjan gùn tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Etí òkun ló ń tọ̀ lọ, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sì gbà kọjá: Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire. Èkó, Kútọnu, Lomé, Accra àti Abidjan ni ìlú ńláńlá tó tò sórí rẹ̀. Èkó sí Kútọnu kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ, Kútọnu sí Lomé tó nǹkan bí 150, Lomé sí Accra sì tó nǹkan bí 200. Láti Accra sí Abidjan nìkan ni ọ̀nà ti jìn gan-an, ó lé ní 500. Ọ̀dọ́ méjì tó fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n fojú rí ayé, tí owó ọwọ́ wọn kò sì tó nǹkan, ọ̀nà yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ̀ kí wọ́n tó máa ronú òkè òkun. Kò gba físà, kò gba bàálù, mọ́tò èrò ló sì wà káàkiri ibẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ Yorùbá ti ń tẹ ọ̀nà náà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ti tẹ̀dó sí Gánà kí àwọn òyìnbó tó kúrò níbẹ̀. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló sì di ẹrù wọn padà wálé láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Láti ìgbà náà ni báàgì alárànbarà onílà pupa àti búlúù ti ń jẹ́ Gánà-Mọ́sì-Gò. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò mọ ìdí tí àwọn àgbàlagbà kan ní Accra fi ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré lójú ọ̀nà yìí.

Àdéhùn tí ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 ló fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú àjọ náà láyè láti wọ orílẹ̀-èdè yòókù láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́ níbẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù ni ìwé tó dára jù láti mú dání. Káàdì yẹ́lò ló tún kàn, ìyẹn ẹ̀rí pé ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Láti ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ènìyàn dọ́jọ́ ikú. Nítorí náà, káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba tó ní àṣẹ ni kí ènìyàn ti gbà á, kí orúkọ inú rẹ̀ sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu.

Òǹtẹ̀ méjì ló wà ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan: ti ìlú tí a ń fi sílẹ̀ àti ti ìlú tí a ń wọ̀. Àwọn kan wà ní ibodè tí wọn yóò fẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ arìnrìn-àjò pé àwọn yóò bá a lù ú, tàbí tí wọn yóò ní kó gun ọ̀kadà gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Kò yẹ kó gbà. Ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀ ìwọlé Bẹ̀nẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ yóò ṣàlàyé títí nígbà tó bá fẹ́ jáde sí Tógò, àlàyé náà sì lè ná an lówó ju ohun tó rò pé òun fi pamọ́ lọ. Kó wọ ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀, kó kí àwọn òṣìṣẹ́ dáadáa, kó sì wo òǹtẹ̀ náà kó tó kúrò níwájú wọn. Ibi yìí ni àǹfààní ẹni méjì ti kọ́kọ́ ń hàn: ọ̀kan yóò wà lórí ìlà, èkejì yóò jókòó ti báàgì, lẹ́yìn náà wọn yóò pààrọ̀.

Kí wọ́n tó gbéra rárá, kí wọ́n béèrè bí ibodè ṣe wà. Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Nígbà àrùn kòrónà, Gánà náà ti tirẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2020 di oṣù kẹta ọdún 2022. Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ṣẹmẹ̀, ibodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, lójoojúmọ́ mọ bí nǹkan ṣe rí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó gan-an, orí ibùsùn ló pọ̀ sí. Ní Kútọnu, Lomé àti Abidjan, iye yàrá ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké ń pè, wọn kì í ka orí. Ohun tó ń yí iye náà padà ni bóyá fáànù ló wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ẹni méjì tó bá gba yàrá oní-fáànù kan ti dín owó oorun wọn kù sí ìdajì. Ilé àlejò àwọn ìjọ Kátólíìkì náà wà káàkiri àwọn ìlú wọ̀nyí, wọ́n máa ń mọ́ tónítóní, ariwo kì í sì í sí níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ilé ibùsùn arìnrìn-àjò ní Accra, nítorí pé bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà. Owó bẹ́ẹ̀dì méjì níbẹ̀ lè ju owó yàrá kan ní ilé àlejò kékeré lọ. Kí àwọn ọ̀rẹ́ méjì ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Bí wọn yóò ṣe máa ná owó pọ̀ gba ìfètòsí, nítorí pé owó ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ lójú ọ̀nà. Ètò tó rọrùn jù ni àpò kan tí àwọn méjèèjì ń dá sí ní iye kan náà, tí wọ́n ti ń san owó mọ́tò, yàrá, omi àti oúnjẹ. Ọ̀kan a máa mú àpò náà dání, èkejì a máa kọ ohun tí wọ́n ná sílẹ̀ ní alaalẹ́. Owó tí ẹnì kan fẹ́ fi ra aṣọ tàbí bàtà kò kan àpò yẹn. Owó ńlá kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n pín in sí ara àwọn méjèèjì, kí owó ìpadàbọ̀ sì wà lọ́tọ̀ níbi tí ọwọ́ kì í yára dé. Kí wọ́n tún ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan lè dá lọ síbi tó wù ú fún wákàtí mélòó kan. Kí wọ́n ṣáà fẹnu kò sí ibi àti àkókò tí wọn yóò ti pàdé, bí fóònù bá tiẹ̀ kú.

Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Côte d'Ivoire, iye rẹ̀ sí yúrò kò sì yí padà láti ọdún 1999: sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan. Gánà tó wà láàárín ló ń ná sídì. Ẹni tó bá ṣẹ́ gbogbo sẹ́fà rẹ̀ sí sídì ní Lomé, tó tún wá ṣẹ́ sídì padà sí sẹ́fà nígbà tó ń lọ sí Abidjan, ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Kó tọ́jú sẹ́fà tó kù sínú báàgì títí yóò fi kọjá Gánà. Ní ibodè, ìwọ̀nba owó mọ́tò àti oúnjẹ ọjọ́ kan ló yẹ kí ènìyàn ṣẹ́. Kí ọ̀kan nínú wọn ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, kí èkejì máa wo àyíká.

Báàgì kan péré ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé, kó sì jẹ́ èyí tó lè gbé sórí itan nínú mọ́tò. Ẹrù tó bá wọ búùtù lè gba owó lọ́tọ̀. Nínú ọjà tó kún, àyà ni wọ́n ń gbé báàgì kọ́ sí.

Láti Máìlì Tú ní Èkó ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ti ń gba Badagry lọ sí Ṣẹmẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára, nítorí àyẹ̀wò ojú ọ̀nà pọ̀ lápá ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọ Bẹ̀nẹ̀, kò yẹ kí wọ́n sáré lọ sí Kútọnu láìyà sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà sí Kútọnu. Wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀ nínú ọjà àti nínú ilé. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé kọ́ síbẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia gan-an, ìkọ́lé rẹ̀ sì jọ àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ ní Èkó. Ní gbogbo ọ̀nà etíkun yìí, bóyá ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá yóò ti wo ara rẹ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu jù.

Kútọnu fẹ́ràn ọ̀kadà. Zémidjan ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń gùn ún sì ń wọ aṣọ yẹ́lò tó ní nọ́ńbà. Kí ènìyàn tó gun ọ̀kan ni wọ́n ń dúnàá-dúrà. Ẹni méjì yóò gun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n sọ ibi kan náà fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì ní kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, torí pé wọ́n lè tètè yapa ní oríta Étoile Rouge. Ọjà Dantokpa wà létí ọ̀sà, lára àwọn ọjà tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti Abomey-Calavi ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó láàárín ọ̀sà Nokoué. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ń sá fún àwọn ológun Dahomey tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ní Ouidah, tó wà lójú ọ̀nà Lomé, ẹnu ọ̀nà ìrántí tí wọ́n gbé kalẹ̀ létí òkun ní ọdún 1995 ń fi ibi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ hàn. Ó yẹ kí ọ̀rẹ́ méjì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún Ouidah, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà àwọn ẹrú náà dé etí òkun.

Ní ibodè Hillacondji, aago máa ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan: bí aago mẹ́wàá bá lù ní Bẹ̀nẹ̀, mẹ́sàn-án ni ní Tógò, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí dé Abidjan. Ní Lomé, ara tètè ń rọ ènìyàn. Kàtídírà tí àwọn ará Jámánì kọ́ ní ọdún 1902 wà nítòsí ọjà ńlá, ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn sì lè fi rìn láàárín ìlú. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú náà gan-an ni ibodè Gánà wà. Ẹni tó sùn ní Lomé lè jẹ oúnjẹ àárọ̀, kó gbé báàgì rẹ̀ kọ́, kó sì fẹsẹ̀ rìn wọ Aflao ní Gánà.

Láti Aflao, mọ́tò ń já sí gáréèjì Tudu ní Accra, nítòsí ọjà Makola. Trótró ni bọ́ọ̀sì kéékèèké ibẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo orúkọ ibi tó ń lọ bíi ti Èkó, owó rẹ̀ sì kéré sí ti takisí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibojì Kwame Nkrumah, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1992, wà lórí pápá tí òun fúnra rẹ̀ ti kéde òmìnira ní alẹ́ tí ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 fi bẹ̀rẹ̀. Ní Jamestown, Brazil House ń sọ ìtàn àwọn Tabom tí wọ́n padà dé láti Bràsíl ní ọdún 1836, ìbátan àwọn Àgùdà Èkó àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n.

Oúnjẹ tó ń gba arìnrìn-àjò olówó kékeré là ní Accra ni wààkyé. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n sè pọ̀ pẹ̀lú pòròpórò bàbà gbígbẹ, òun ló ń mú kó pọ́n rúsúrúsú. Obìnrin tó ń tà á yóò bù ú sínú ewé gbòòrò, yóò fi gààrí tí wọ́n pò sí i, yóò fi ata dúdú tí wọ́n ń pè ní shito sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì béèrè bóyá ẹyin tàbí ẹja ni. Iye owó tí ènìyàn bá pè ni yóò bù fún un. Bó bá di ọ̀sán, ìkòkò àwọn tó mọ̀ ọ́n sè ti gbẹ. Irú oúnjẹ náà ni wọ́n ń pè ní àtàsí ní Kútọnu.

Láti Accra sí Abidjan, ó sàn kí wọ́n pín ọ̀nà sí méjì, kí wọ́n sùn ní Cape Coast, níbi tí ilé olódi àwọn òyìnbó olówò ẹrú wà, kí wọ́n sì kọjá ibodè Elubo lọ́jọ́ kejì nígbà tí oòrùn ṣì wà. Abidjan lówó lórí ju Lomé lọ, pàápàá yàrá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi èrò tó ń gba orí ọ̀sà Ébrié láti Treichville lọ sí Plateau kò wọ́n, láti orí omi ni àwọn ilé gogoro Plateau sì ti dára wò jù. Gbàkà àti wóró-wóró ni mọ́tò àwọn mẹ̀kúnnù. Garba, ìyẹn attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹja tuna díndín, ni oúnjẹ wọn. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀ ní Treichville débi pé mọ́tò ń gbéra tààrà láàárín Èjìgbò àti Abidjan, àlejò tó bá sì kí wọn ní Yorùbá nínú ọjà kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò júwe yàrá olówó pọ́ọ́kú fún un.

Irú mọ́tò tààrà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ padà wálé. Ó ń sùn sójú ọ̀nà, ibodè mẹ́rin ló sì ń gbà kọjá. Gbogbo èrò ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti lu òǹtẹ̀. Kí páásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò wà lára ènìyàn, kì í ṣe nínú báàgì tí wọ́n dì sórí mọ́tò.