Àtibalẹ̀ Ni Iṣẹ́

Bí ọmọ kékeré bá wà nílé yín, ẹ ó ti rí i kí ó máa gé páálí, kí ó fi ṣe ìyẹ́, kí ó gbé e sókè, kí ó sì máa sáré káàkiri àgbàlá. Ní Adó-Èkìtì, láti ìgbà tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ṣí pápá ọkọ̀ òfurufú tí ó wà ní ọ̀nà Ìjàn ní oṣù October ọdún 1922 + 100, èyíinì ni 2022, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò jìnnà sí ilé mọ́. Bí ọmọ yín bá wá bi yín pé, “Ìyá mi, ṣé èmi náà lè ṣe èyí tí yóò gbé mi fò?” ẹ má ṣe lé e sẹ́yìn. Ẹ bi òun náà pé, “Báwo ni yóò ṣe balẹ̀?”

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ní ilẹ̀ Andalus, tí í ṣe Spéìn òde òní, Mùsùlùmí ọ̀mọ̀wé kan wà tí ń jẹ́ Abbas Ibn Firnas, tí ó kú ní ọdún 887, èyíinì ni 274 Híjírà. Al-Maqqari, tí ó kọ̀wé ní ohun tí ó lé ní 700 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, sọ pé ọkùnrin yìí fi ìyẹ́ bo ara rẹ̀, ó so apá méjì mọ́ra, ó sì fò jìnnà díẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ balẹ̀ ni ọ̀ràn dé: kò lè darí ara rẹ̀ mọ́, ó sì fi ẹ̀yìn ṣèṣe. Wọ́n ní ìrù ni ó gbàgbé láti ṣe. Ẹ wo ẹyẹlé bí ó bá fẹ́ bà sórí òrùlé: yóò na ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kí ó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Lónìí, àwọn ènìyàn wà tí ń fọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ òfurufú kékeré nílé. Ọkọ̀ Air Beetle, tí ilé-iṣẹ́ AIEP ṣe ní Kàdúná fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ wa, ara RV-6A ni wọ́n ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí a ń tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà fún ẹni tí yóò tò ó fúnra rẹ̀. Ní Kpong, ní ilẹ̀ Ghana, obìnrin kan, Patricia Mawuli, kọ́ láti tò wọ́n àti láti wà wọ́n, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí ni ń mú kí ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tí ó bá ń balẹ̀? Afẹ́fẹ́ tí ń sáré kọjá lára ìyẹ́ ni ó ń gbé ọkọ̀ dúró lókè. Bí awakọ̀ bá dín eré kù jù, tí ó sì gbé imú ọkọ̀ sókè jù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ìyẹ́ mọ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lókè réré, àyè wà láti tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ kí eré lè padà. Ṣùgbọ́n nítòsí ilẹ̀, àyè kò sí.

Èkejì ni afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ kékeré fúyẹ́, afẹ́fẹ́ a sì máa tì í kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kanlẹ̀, pàápàá èyí tí ó ní táyà kékeré lábẹ́ ìrù, ìrù yóò fẹ́ gba iwájú, ọkọ̀ yóò sì pòyì. Air Beetle ní táyà lábẹ́ imú, èyí sì dín ewu yìí kù.

Ní ọdún 2012, àjọ NTSB ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá, sọ pé àìlèdarí ọkọ̀ wà lára ohun tí ó ń fa ìjàǹbá àwọn ọkọ̀ àfọwọ́tò jù, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ titun lọ́wọ́ ẹni tí ń wà á. Nítorí náà ni òfin wọn ṣe ní kí a kọ́kọ́ dán an wò, wákàtí 25 tàbí 40 lọ́pọ̀ ìgbà, kí a tó gbé èrò sínú rẹ̀.

Ẹ rí i pé sùúrù ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, gé páálí rẹ̀. Ẹ ra ìwé ìṣirò fún un. Ẹ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ti orí òrùlé tàbí orí àpáta fò, àti pé bí ó bá dàgbà, ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ ni yóò kọ́kọ́ wá. Bí ó bá sì fi ayọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wò bóyá ó rántí ìrù.