Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Màlúù Ẹ̀ẹ̀rùn Ń Ṣe sí Ilẹ̀ Atakpamé

Bí ọyẹ́ bá ti mú koríko gbẹ ní Burkina Faso àti Niger, àwọn Fúlàní a da màlúù wọn sọ̀ kalẹ̀ síhà gúúsù. Àwọn mìíràn nínú wọn a dé ìlà-oòrùn Atakpamé ní Togo, níhà odò Mono àti Anié, lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí à ń pè ní Aná. Àwọn màlúù wọ̀nyí lè tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n sì lè bà á jẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé àti ìgbà tí wọ́n lọ ló ń sọ èyí tí yóò jẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé màlúù kò ní eyín iwájú lókè? Ahọ́n ló fi ń lọ́ koríko mọ́ra kó tó já a. Àgùntàn náà kò ní in, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ tó là jẹ́ kó lè jẹ koríko kanlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láti ìdí ni koríko ti ń dàgbà? Ìdí nìyẹn tó fi ń rú padà bí ẹran bá jẹ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ níwọ̀n. Lọ́dún 1955, Franklin Crider, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá gé ju ìdajì ewé koríko lọ, gbòǹgbò rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ ìdàgbà dúró. Bí a bá gé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, gbogbo gbòǹgbò a dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wo ewu tó wà nínú agbo tó ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá hu ọ̀mùnú koríko.

Ṣé o mọ̀ pé pátákò kan náà ló ń ṣí ilẹ̀, tó tún ń dí i? Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń fọ́ èèpá ojú ilẹ̀, ó sì ń tẹ pòròpórò lélẹ̀ kí oòrùn má bàa pa ilẹ̀ lára. Bí ilẹ̀ bá ti rin, pátákò a kì í mọ́lẹ̀, omi òjò kò ní rọ́nà wọlé mọ́, yóò sì máa wọ́ erùpẹ̀ ọlọ́ràá lọ sódò.

Ṣé o mọ̀ pé lásìkò òjò, yímíyímí ló ń ri ìgbẹ́ màlúù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ikán ló sábà ń gba iṣẹ́ náà ṣe? Fi igi ṣí ìgbẹ́ gbígbẹ kan wò: wàá rí amọ̀ tí ikán mọ sábẹ́ rẹ̀, àti àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wọlẹ̀ lọ. Ihò wọ̀nyẹn ni òjò àkọ́kọ́ máa ń bá wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé Ọsirélíà kó yímíyímí láti Áfíríkà? Èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn kò lè tán ìgbẹ́ màlúù, nítorí ìgbẹ́ kangaroo ló mọ́ wọn lára. George Bornemissza ló dá ètò náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960.

Ṣé o mọ̀ pé òórùn tó ń ta ni nímú ní gàá láàárọ̀ ni ajílẹ̀ tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ? Náítírójìn inú ìtọ̀ màlúù ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń bẹ darandaran pé kí ẹran wá sùn lóko tí wọ́n ti kórè, kí ìtọ̀ lè wọ inú ilẹ̀ náà gan-an. Wọ́n lè fún darandaran náà ní oúnjẹ tàbí owó.

Ṣé o mọ̀ pé iná tí a ń sun pápá kí koríko tútù lè yọ ń fi eérú sílẹ̀ fún ilẹ̀, àmọ́ náítírójìn ń bá èéfín lọ?

Ṣé o mọ̀ pé màlúù pàápàá ní ìwé ìrìnnà? Lọ́dún 1998 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣòfin pé agbo tó bá fẹ́ sọdá ẹnubodè gbọ́dọ̀ ní ìwé tó sọ iye ẹran, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà àti ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀. Ìjọba Togo náà máa ń dá ìgbà tí wọ́n lè wọlé àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà. Ní ti ilẹ̀, ọjọ́ ìpadà ló ṣe kókó jù.

O lè dán an wò fúnra rẹ. Gé ìdí agolo tòmátì méjì kúrò. Gbá ọ̀kan wọ ojú ọ̀nà màlúù, gbá èkejì wọ ìdí koríko tí ẹran kò tẹ̀, kí o da ife omi kọ̀ọ̀kan sí wọn. Ibi tí omi bá ti pẹ́ jù kó tó wọlẹ̀ ni kí ẹran yà fún lọ́dún tó ń bọ̀.