Nígbà Tí Ìtọ̀ Ọmọkùnrin Bá Ń Kán Tó, Tó, Tó

Bí ìyá bá tú ìdí ọmọkùnrin jòjòló láti wẹ̀ ẹ́, ìtọ̀ ọmọ náà a máa ta jìnnà, nígbà mìíràn a tilẹ̀ ta sí ìyá lára, àwọn ará ilé a sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tí ó ń fi ipá tọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Kíndìnrín méjì ni ó wà ní ẹ̀yìn ikùn ènìyàn. Asẹ́ tíntìntín tí ó tó nǹkan bí 1,000,000 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ tí wọ́n sẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀, kí ó tó gba ojú ihò kan ṣoṣo bọ́ síta.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 tí ọlẹ̀ ti sọ ni kíndìnrín ti ń hù, ní ìsàlẹ̀ ikùn, kí ó tó gòkè lọ sí ààyè rẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10, ọmọ inú oyún ti ń tọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36, gbogbo asẹ́ tí yóò lò títí ayé ti pé. Òmíràn kò tún ní hù mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́wọ́, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè hù dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ọmọkùnrin. Hugh Hampton Young àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 1919. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde a máa padà sókè, a sì máa ba àwọn asẹ́ náà jẹ́. Kì í ṣe àtọ̀sí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Àgbo kò lè ká awọ náà kúrò.

Ní ilé ìwòsàn, oníṣègùn yóò kọ́kọ́ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ọ̀nà náà kí ìtọ̀ lè dà. Lẹ́yìn náà, yóò fi irin iṣẹ́ tín-ín-rín tí ó ní iná gé awọ náà. A ó sì máa yẹ ọmọ náà wò fún ọdún púpọ̀, nítorí asẹ́ tí ó ti bàjẹ́ kò ní àtúnṣe. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Bí ìtọ̀ ọmọkùnrin bá ń kán, tí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le, tàbí tí ibà kò fi í sílẹ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ má ṣe dúró di ọ̀la.