FÍDÍÒ ÌNÁWÓ YÍN: Ẹ MÁ JẸ́ KÍ ÀWÒRÁN RẸ̀ DÀNÙ

Ọ̀rọ̀ fídíò ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló ní kásẹ́ẹ̀tì VHS nínú àpótí: ìsìnkú ìyá, ìgbéyàwó ọmọ, ìwúyè. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jó nínú rẹ̀ ti di olóògbé. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù tí a ti lè gbọ́ ohùn wọn.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ò sì ní dúró dè wá. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú bí ìpẹtà irin kùn ló wà nínú rẹ̀, ara lẹ́búlẹ́bú yẹn ni àwòrán wà. Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, ó ń bu bíi búrẹ́dì. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó náà ti wọ́n: Funai ti ilẹ̀ Japan, tó ń ṣe é kẹ́yìn, dáwọ́ dúró ní ọdún 2016. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká kó àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe kó o ni yóò ṣe mọ́ tó.

Àkọ́kọ́, ẹ wá ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì. Èyí tí oní-káàmẹ́rà gan-an fi ya ìnáwó ló dára jù. Ẹ̀dà rẹ̀ kò mọ́ tó o, ẹ̀dà tí a kọ lára ẹ̀dà sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin aládìrẹ mọ̀ ọ́n: ìkòkò aró tí a ti rẹ aṣọ púpọ̀ nínú rẹ̀, aṣọ ìkẹyìn kì í dúdú bíi ti àkọ́kọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti bu, ẹ má tì í sínú ẹ̀rọ àfi bí oníṣẹ́ bá ti nù ún.

Èkejì, ẹ bi wọ́n pé irú fáìlì wo ni wọ́n fẹ́ kó o sí. Àmì tóótòòtó ló para pọ̀ di ojú ènìyàn nínú fídíò, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. VCD tí gbogbo wa fi ń wo fíìmù nígbà kan, àmì 352 ló ní ní ìbú, 288 ní òró. DVD ní 720 ní ìbú, 576 ní òró. Ti DVD tó VHS í gbà, ti VCD kò tó. Bí ẹnìkan bá ní kẹ́ ẹ san owó ńlá kóun sọ VHS yín di 4K, ẹ rọra. Àwọ̀n ńlá ò lè kó ẹja tí ò sí nínú odò.

Ẹ̀kẹta ni fífún. GB ni òṣùwọ̀n fáìlì, bí kóńgò ṣe jẹ́ fún gàrí. Fáìlì fídíò tóbi, ẹ̀rọ sì máa ń fún un kó lè kéré, bí a ṣe ń ki aṣọ bọ àpò. Aṣọ tó rún, ẹ lè lọ̀ ọ́ kó padà bọ̀ sípò. Fídíò tí a fún jù, ohun tí ẹ̀rọ gé kúrò kì í padà wá. Dísìkì DVD kan ń gba 4.7 GB. Bí wọ́n bá kó wákàtí méjì sí i, ó máa dáa. Bí wọ́n bá ki wákàtí mẹ́fà bọ̀ ọ́, gbàrà tí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ ijó, ojú wọn á já sí ègé onígun mẹ́rin kéékèèké.

Kí lẹ máa wá béèrè? Ẹ ní kí wọ́n kó o sí DV. Wákàtí kan ń gba nǹkan bíi 13 GB. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta á gba nǹkan bíi 39, fíláàṣì 64 GB tó o. Èyí ni fáìlì ìyá. Ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ara ìyá lẹ ti máa bí ọmọ: MP4 kékeré fún fóònù, DVD fún ẹbí. Ńlá ṣeé sọ di kékeré, kékeré ò ṣeé sọ di ńlá.

Ìnáwó tuntun ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀ fún oní-káàmẹ́rà, ẹ bi í:

1. Ṣé 1080 ló máa fi yà á? Ìyẹn 1920 ní ìbú, 1080 ní òró, àmì tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Kó má rẹlẹ̀ sí èyí. 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ó dáa bẹ́ ẹ bá ní ibi ìpamọ́ àti tẹlifíṣọ̀n tó lè gbé e.

2. Ṣé ó máa kó fáìlì tó ti inú káàmẹ́rà jáde fún yín, yàtọ̀ sí èyí tó gé tó sì tò? Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn.

3. Ṣé fíláàṣì ló máa fi gbé e wá? Fídíò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, fífún ni. Ó dáa fún ìkíni, kò dáa fún ìpamọ́.

4. Ṣé iná máa tó? Bílẹ̀ bá ṣú tí iná sì kéré, káàmẹ́rà olówó ńlá pàápàá á ya àwòrán hóró-hóró.

Owó aṣọ ẹbí, owó oúnjẹ, owó onílù, ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ ń ná tán. Fídíò ló máa kù fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì nílé, ẹ gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ọlọ́run á jẹ́ ká pẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Ọjà á tà o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́