Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Ráífù Ìdíje fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ń gbèrò láti lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìbọn díje gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi bọ́ọ̀lù díje níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a yẹ eré náà wò, kí a sì mọ ohun tí ó ń náni.

Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò, inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán ni, nítorí náà ọta rẹ̀ kì í rìn gún bí ọ̀nà bá jìn. Ti ráífù yàtọ̀. Wọ́n fín ilà tí ó lọ́ bí okùn sínú ọ̀pá rẹ̀, ilà yìí ní ń mú kí ọta máa pòòyì bí òkòtó. Òkòtó tí ó ń pòòyì kì í ṣubú. Ìdí nìyí tí ráífù fi lè ba àmì ní yáàdì 1000, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án tí a tò tẹ̀lé ara wọn.

Èwo ni kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ rà? Ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní F-T/R. Oríṣi ọta méjì péré ni òfin rẹ̀ gbà: .223 Remington àti .308 Winchester, èyí tí ó jáde ní 1952. Ìbọn, awò orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí a fi gbé e dúró kò gbọdọ̀ ju kílò 8.25 lọ. Ọta .223 kò wọ́n tó èkejì, kì í sì í ti èjìká púpọ̀; ó dára fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ ní yáàdì 300 sí 600. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e. Ní yáàdì 1000, .308 ni ó fi ọkàn ẹni balẹ̀ jù.

Ní ti ìbọn fúnra rẹ̀, Savage 110, tí ó jáde ní 1958, jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kí owó rẹ̀ má baà ga. Nọ́ọ̀tì ni ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Bí ọ̀pá bá gbó, a lè pààrọ̀ rẹ̀ láìra ìbọn mìíràn. Igi dídán kì í ba àmì.

Owó gan-an kò sí lára ìbọn. Ní yáàdì 1000, àárín àmì tí ó ń fúnni ní máàkì 10 fẹ̀ ní íǹṣì 10. Ọta .308 tí a ṣe ojú rẹ̀ sí yáàdì 100 yóò ti rọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ kí ó tó dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń sá máìlì 10 ní wákàtí kan láti ẹ̀gbẹ́ lè gbé e ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Kò sí ìbọn olówó ńlá tí ó mọ afẹ́fẹ́ kà. Ìdánrawò ní ń kọ́ni. Ìdíje ọjọ́ kan lè gba ọta 60. Mẹ́wàá nínú rẹ̀, 600 nìyẹn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣa idẹ ọta tí wọ́n ti yìn, tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù tuntun sí i. Ẹni tí ó bá kó gbogbo owó lé ìbọn yóò máa wò ó lórí ògiri ni.

Èyí tí ó wọ́n jù ni òfin. Láti 1998 ni òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ka ìbọn àti ọta léèwọ̀ fún ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, àfi ìwọ̀nba tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀. Nílé níhìn-ín náà, òfin ìbọn ti 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láìsí ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, kí a tó béèrè iye ìbọn, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin wí. Ẹ̀kọ́ ni a bá lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí eré gbà á lọ́wọ́ wa.