Ilé Tí Mo Ti Ń Gbé, Ta Ló Tún Bá Mi Wá A?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò, ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ará yòókù. Ọ̀rọ̀ owó tí àwọn éjẹ́ǹtì ilé ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé nígbà tí ọdún bá yípo, tí wọ́n ní kó wá fọwọ́ sí ìwé tuntun lórí ilé tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó náà láìwádìí. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni ojú mi tó là.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Mushin l'Ékòó, ìyàwó mi sì ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ojúwoyè. Oṣù Kẹfà 2018 ni a kó dé yàrá àti pálọ̀ tí a ń gbé. ₦250,000 ni owó ilé lọ́dún. Ọkùnrin éjẹ́ǹtì tó bá wa wá a gba ₦25,000 ní kọmíṣọ́ọ̀nù, ó sì tún gba ₦25,000 fún àgírímẹ́ǹtì. N kò bínú sí i. Ó ṣe wàhálà. Ilé mẹ́rin ló mú wa wò nínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀kan ń jò, ọ̀kan kò ní omi, ẹ̀kẹta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ìlọta kì í ti í sinmi. Ẹ̀kẹrin ló tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ni owó iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kẹfà 2019, ó tún dé, báàgì rẹ̀ wà lábíyá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọdún ilé o. ₦250,000 ni ti Ìyá onílé, ₦50,000 ni tèmi."

Mo ní, "₦50,000 ti kí ni?"

Ó ní, "Kọmíṣọ́ọ̀nù àti àgírímẹ́ǹtì tuntun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, sà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é! Ọ̀rọ̀ yìí ti kó owó lọ lọ́wọ́ aráàlú ju bí olè ti kó lọ. Mo san án, mo sì fọwọ́ sí ìwé. Ní 2020 ó tún dé. Ẹ̀yin náà rántí ọdún náà. Àrùn Kòrónà ti mú kí wọ́n ti ilé-ìwé pa láti oṣù Kẹta, àwa tíṣà ilé-ìwé aládàáni kò sì rí owó oṣù gbà. Owó tí ìyàwó mi fẹ́ fi ra èlùbọ́ wá láti Ṣakí ni a mú san ₦50,000 náà. Oṣù méjì ni àtẹ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó ń lọ sọ́jà láàárọ̀, ó ń padà lálẹ́, kò sì bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ohun tó là mí lójú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Obìnrin aránṣọ kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti òun fọwọ́ sí ìwé ní 2020, orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni a tilẹ̀ tẹ́ ìwé náà sí. Kò sí ẹni tó kà á nínú àwa méjèèjì. Ẹ fojú inú wò ó: tíṣà tó ń na ọmọ nítorí pé kò ka ìbéèrè kó tó dáhùn!

Nígbà tí oṣù Kẹrin 2021 ń parí lọ, éjẹ́ǹtì mú nótíìsì wá fún aránṣọ pé kó kó jáde láàrin oṣù kan. Obìnrin náà figbe ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ gbà mí. Ṣebí oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún ẹni tó ń san owó ọdún?" A gbé ìwé rẹ̀ jáde, a kà á. Ó wà níbẹ̀ gbangba, ní ìlà kọkànlá, pé oṣù kan péré ni nótíìsì. Mo sáré wọlé lọ mú tèmi. Ohun kan náà ni mo bá. Mo wá yẹ ìwé àkọ́kọ́ ti 2018 wò, n kò rí ọ̀rọ̀ oṣù kan níbẹ̀. Nínú ìwé tí a fowó wa rà ni wọ́n ti gba oṣù márùn-ún lọ́wọ́ wa.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin ti di lọ́yà báyìí. Mo kó ìwé mi lọ bá a. Ó tò ó fún mi bí ẹni to ẹ̀kọ́ sórí àtẹ. Ó ní, "Sà, Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kan gbogbo Èkó, àfi Apapa, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island. Òfin náà ní àdéhùn ilé lè jẹ́ ti ẹnu, ó lè jẹ́ ti ìwé. Bí ẹ bá san owó ọdún tuntun, tí onílé sì gbà á, kì í ṣe dandan kí ẹ tún ra ìwé mìíràn kí ẹ tó di ayálégbé."

Mo ní, "Nótíìsì ńkọ́?"

Ó ní, "Ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, sà. Bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan nípa nótíìsì, òfin fún ẹni tó ń san owó ọdún ọdún ní oṣù mẹ́fà, ó fún ẹni tó ń san owó oṣù oṣù ní oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti dárúkọ tirẹ̀, ti ìwé ni wọn yóò tẹ̀ lé. Bí ìwé bá sì wí pé ọdún kan péré ni ẹ gbà, tó sì parí ní ọjọ́ báyìí, nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, onílé kò jẹ yín ní nótíìsì kúrò-nílé mọ́. Nótíìsì ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù ti tó."

Mo béèrè nípa kọmíṣọ́ọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ibi tí òfin náà ti sọ ọ́ di dandan kí ayálégbé tún san kọmíṣọ́ọ̀nù nítorí pé ó ń san owó ilé ọdún mìíràn. Ẹni tó bá gbé e sínú àdéhùn tó sì fọwọ́ sí i ló so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Ìyá onílé ń gbé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo rojọ́ mi. Ìyá náà mọ́wọ́ lérí. Wọ́n ní, "Tíṣà ọmọ mi, ó ń yọ ₦25,000 nínú owó ilé rẹ kó tó fi ìyókù ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìyẹn ni owó iṣẹ́ òun. N kò mọ̀ pé ó tún ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà." Mo sọ ọ̀rọ̀ aránṣọ fún wọn. Wọ́n ní éjẹ́ǹtì sọ fún àwọn pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kó lọ, pé òun sì ti rí ẹni tí yóò san ₦350,000. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn sí owó náà. Ṣùgbọ́n n kò ní kó lé ọmọ ọlọ́mọ jáde."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí ayálégbé bá jókòó jẹ́ẹ́, owó kékeré ni éjẹ́ǹtì ń rí. Bí ayálégbé bá kó jáde, ọjà tuntun ṣí nìyẹn: lórí ₦350,000, kọmíṣọ́ọ̀nù àti àgírímẹ́ǹtì di ₦70,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá onílé ní kí n máa san owó sí báńkì àwọn tààrà. Wọ́n kọ oṣù mẹ́fà padà sínú ìwé mi, wọ́n sì fọwọ́ sí i. ₦3,000 tí mo san fún ẹni tó tẹ ìwé ni gbogbo ìnáwó mi ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún aránṣọ. Kí n tó ti Abẹ́òkúta dé, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìkòròdú, nítorí ó bẹ̀rù ìtìjú. Àwọn oníbàárà tó fi ọdún mẹ́jọ kó jọ kò lè máa tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Bí mo bá ti ka ìwé náà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ó ṣì wà ní iwájú ilẹ̀kùn wa.

Ẹ má rò pé Èkó nìkan ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní bákan náà ni àwọn éjẹ́ǹtì ibẹ̀ ń gba owó ìwé tuntun lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Òfin kan tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2019 ló fòpin sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí àdéhùn tuntun ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2019, ó sì kan gbogbo ayálégbé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2020. Éjẹ́ǹtì tó bá rú u nígbà àkọ́kọ́ lè san ìtanràn tó £5,000. Níhìn-ín, àbá òfin kan dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ní 2025, tó fẹ́ kí owó éjẹ́ǹtì má ju ₦5 lọ nínú ₦100 owó ilé.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Èkíní, bí éjẹ́ǹtì bá ní kí ẹ sanwó ìwé tuntun, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún yìí. Bí iṣẹ́ bá wà, ẹ san án. Bí kò bá sí, ẹ wá onílé lọ. Èkejì, ẹ má fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú un sùn, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ nótíìsì wà. Ẹ̀kẹta, ẹ gba rìsíìtì. Òfin 2011 ní kí orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, ọjọ́ àti àkókò tí owó náà wà fún, hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà, ẹ lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre. Wọ́n ń làjà láàrin onílé àti ayálégbé, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

N kò bú gbogbo éjẹ́ǹtì. Àwọn olóòótọ́ wà nínú wọn, mo sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi wá ilé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kó gba owó ìwálé. Ilé tí mo sùn sí lánàá, tí mo jí nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò sọnù.