OJÚ OÓRÌ: BÍ A ṢE Ń SIN ÒKÚ ÀTI BÍ A ṢE Ń BỌLÁ FÚN WỌN

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ráńpẹ́ lórí ìsìnkú nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá fún àwọn ọmọ tí a bí sí Kuru, Bukuru àti Jos, tí wọn kò tíì rí ojú oórì rí.

KÍ NI OJÚ OÓRÌ?
Oórì ni sàréè. Ojú oórì ni ibi tí a ti ń bá ẹni tí ó sùn síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, a kì í gbé àgbàlagbà lọ sin sí ẹ̀yìn ìlú. Inú ilé rẹ̀ ni, nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn á gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Níbòmíràn wọn á tún gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wọnú, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà wó lu òkú. Wọn á wá rẹ́ ilẹ̀ náà dán, àwọn ará ilé á sì máa gbé ibẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé Yorùbá gbà pé baálé tí ó kú kò fi agbo ilé sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, ojú oórì ni wọn á ti fi obì àti omi tútù tọrọ ire. Oórì tún jẹ́ ẹ̀rí: ẹni tí bàbá rẹ̀ sùn sínú ilé, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ọmọ ilé?

TI ÀWỌN ỌBA
Ní Ọ̀yọ́, Bàrà ni wọ́n ń sin Aláàfin sí. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pé ọba tuntun ní láti lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn bàbá rẹ̀ ní Bàrà kí a tó dé e ládé. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibì kan wà tí à ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó, tí ìtàn so mọ́ ìsìnkú àwọn ọba Ìbíní. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ ibẹ̀.

ILẸ̀ TÍ A WÀ YÌÍ
Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ iwakùsà ni ó kọ́kọ́ hú ère amọ̀ jáde ní Nok, tí kò jìnnà sí wa, ní ọdún 1928. Ní ọdún 2005, Peter Breunig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Frankfurt, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ ní agbègbè náà. Wọ́n rí òkúta tí a tò, ìkòkò àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ní ibi tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ sàréè. Ilẹ̀ ti jẹ eegun tán, ṣùgbọ́n kò jẹ ọlá tí wọ́n fi fún òkú.

Ẹ rántí ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 2010, ní Kuru Karama, nígbà tí wọ́n pa àwọn ènìyàn, àgbà àti ọmọdé, tí a sì bá òkú nínú kànga. Ikú nìkan kọ́ ni ó dunni níbẹ̀. Ó dunni pé a kò jẹ́ kí wọ́n rí ìsìnkú ọmọ ènìyàn.

KÍ NI KÍ A ṢE?
Èmi kò pe Mùsùlùmí tàbí Kristẹni kí ó lọ bọ oórì. Fídáù wà, ìsìn ìrántí náà wà. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tí ó wá ṣiṣẹ́ iwakùsà àti reluwé, tí wọ́n sùn sí itẹ́ òkú níhìn-ín, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò máa rán ọmọ wọn létí. Bí ẹni tí ó mọ ibẹ̀ bá kú, sàréè náà ti sọnù nìyẹn.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé kan tí a ó kọ orúkọ olóògbé sí, ìlú rẹ̀, ọdún tí ó kú àti ibi tí a sin ín sí gan-an. Kí a sì máa ro itẹ́ òkú lọ́dọọdún, kí àwọn ọmọ wa tẹ̀ lé wa lọ. Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ìsìnkú kò sì parí ní ọjọ́ tí a bo iyẹ̀pẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ sin wá. Àṣẹ.